Mo Yọ Dráífà Àtijọ́ Kúrò, Mi Ò sì Ní Dá A Padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tí gbogbo ẹbí máa ń pè pé "jọ̀ọ́ wá bá wa wo pírińtà yìí", ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo ti kó gbogbo dráífà pírińtà àtijọ́ dànù lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ànńtí mi nítòsí Ìtóro, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì ti gbé ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bá pírińtà sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ọ̀nà tuntun ọ̀hún ò sì lè ṣe gbogbo ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ànńtí mi fẹ́ẹ̀ lé mi jáde, ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn wò mí lójú, ó ní "bùrọ̀dá, nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ wá bà jẹ́ yìí o." Mi ò bínú sí i. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn káńtà, tí kọ́sítọ́mà mẹ́rin ń pariwo lé lórí, bó ṣe máa rí lójú ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la màá tún yọ ọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ lédè ṣọ́ọ̀bù, torí gbogbo àlàyé tí mò ń rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka IT ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tẹ pósítà òkú, próójẹ́ẹ̀tì àti fótò pásípọ́ọ̀tù lórí tábìlì kan ṣoṣo.

Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ rèé. Pírińtà méjì ló wà níbẹ̀. Lésà kékeré kan, dúdú nìkan ló ń tẹ̀, arúgbó ni, kébù USB ló mọ̀, ọ̀rọ̀ Wi-Fi ò kàn án, òun ló sì ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù torí òun ló ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé tó ń wá láti Ìjágun àti Àgọ́-Ìwòyè. Èkejì ni aláwọ̀, tí wọ́n so táńkì íǹkì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, íǹkì inú ike tí wọ́n ń kó wá láti Èkó, kì í ṣe ojúlówó (ta ló fẹ́ máa ra ojúlówó káàtírììjì ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí?). Iṣẹ́ tó bá ti pọ̀ jù, irú ẹgbẹẹgbẹ̀rún pósítà, Ṣómólú ni wọ́n ń gbé e lọ, ìyẹn ò kàn wá. Pírińtà méjèèjì so mọ́ kọ̀ǹpútà kan tó ṣì wà lórí Windows 7. Microsoft ti ṣíwọ́ títọ́jú Windows 7 láti January 2020, Windows 10 tó tẹ̀lé e náà ti dé òpin tirẹ̀ ní October 2025, àwa ṣì wà lórí 7. Ìdí ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ilé-iṣẹ́ tó ṣe lésà yẹn ò ṣe dráífà tuntun fún un mọ́. Odindi kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀, dúró sójú kan nítorí pírińtà tí kò tó ohun tá a ń pariwo.

Iṣẹ́ wo gan-an ni dráífà ń ṣe? Pírińtà ò gbọ́ ohun tí Word tàbí Corel ń wí. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ ojú ìwé yẹn di èdè tí pírińtà ń gbọ́, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tiẹ̀, nígbà míì pírińtà méjì tó jáde látinú ilé-iṣẹ́ kan náà ò gbọ́ èdè kan náà. Ohun tí CD inú páálí wà fún nìyẹn. Àmọ́ wọn ò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan sínú dráífà: èyí tó máa tẹ "DRAFT" gàdàgbà sẹ́yìn ìwé, èyí tó máa to ojú ìwé di ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ká láàárín, èyí tó máa pín àwòrán kan sórí ìwé mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, èyí tẹ́ ẹ máa fà sọ́tùn-ún fà sósì títí àwọ̀ á fi wù yín, èyí tó máa sọ fún yín pé ẹ yí ìwé padà kó lè tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé o: ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a fi ń yin pírińtà, pírińtà kọ́ ló ń ṣe é. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣẹlẹ̀, pírińtà kàn ń gbà á tán ni. Irú lésà tiwa yẹn tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n dín owó tí wọ́n ná lé e kù débi pé kò ní ibi tó ń tọ́jú firmware ara ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́, sí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún fi ránṣẹ́ sí i kó tó rántí pé pírińtà lòun. HP LaserJet 1020 tẹ́ ẹ máa ń rí káàkiri ọ́fíìsì wà lára irú ẹ̀. Níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ mú un bọ̀ bó ṣe wù ú, ẹ fojú inú wo iye ìgbà tíyẹn ń wáyé lójúmọ́.

Ó dáa. Dráífà irú èyí, tí Microsoft ń pè ní v3, ti wà láti ayé Windows 2000. Inú print spooler, ìyẹn ètò Windows tó ń to iṣẹ́ títẹ̀ sórí ìlà, ló máa ń wọ̀ lọ jókòó, spooler náà sì ń ṣiṣẹ́ lórúkọ SYSTEM, agbára tó ju ti ànńtí mi tó fowó ara wọn ra kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ pe télọ̀ kó wá wọn kọ́tìnì pálọ̀, ẹ wá kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́ títí kan ti yàrá tẹ́ ẹ ń kówó sí, télọ̀ ti kó kúrò ní àdúgbò, ẹ ò mọ ibi tó wà mọ́, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Báyẹn gan-an ni.

Ẹ wá wo irú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wà. Kọ́sítọ́mà ń kó fláàṣì wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ mọ fáírọ́ọ̀sì tó máa ń sọ gbogbo fáìlì orí fláàṣì di shortcut, mi ò rò pé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan wà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù tí kò tíì bá a wọ̀jà. Orí desktop kan náà ni slip NIN àwọn èèyàn wà, èsì JAMB ọmọ ọlọ́mọ, fótò àti nọ́ńbà báńkì tí wọ́n kọ sórí ìwé ìpè òkú kí àwọn èèyàn lè fowó ránṣẹ́. Ní 2010 layé gbọ́ nípa Stuxnet, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ba àwọn ẹ̀rọ tí Ìran fi ń ṣiṣẹ́ uranium jẹ́. Nínú àwọn ihò ààbò tó gbà wọlé sórí Windows, ìkan wà níbi tí Windows ti ń fi àwòrán shortcut hàn látorí fláàṣì, ìkan sì wà nínú print spooler. Fláàṣì tó ní shortcut, àti pírińtà! Nígbà tí mo kà á, ojú tábìlì ànńtí mi ni mo rí. Ní 2021 ni PrintNightmare tún dé, ihò tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2021-34527, ibi tí ẹni tó kàn lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe alábòójútó ẹ̀, ti lè lo fífi dráífà sórí kọ̀ǹpútà láti gba agbára SYSTEM, inú oṣù August ọdún yẹn ni Microsoft tó pàṣẹ pé àfi ẹni tó bá jẹ́ alábòójútó kọ̀ǹpútà ló lè fi dráífà pírińtà sí i. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ nígbẹ̀yìn 2023 pé nínú gbogbo ẹjọ́ Windows tí wọ́n fi sùn wọ́n láàárín ọdún mẹ́ta, ti pírińtà nìkan kó ìdá 9 nínú 100. Pírińtà o, nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò kà sí.

Ọ̀nà tuntun ọ̀hún kì í sì í ṣe tuntun tó bẹ́ẹ̀. IPP (Internet Printing Protocol) lorúkọ ẹ̀, látọdún 1999 ló ti wà nílẹ̀, ẹnu ọ̀nà (port) 631 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Bó ṣe ń ṣe é ni pé kọ̀ǹpútà máa bi pírińtà léèrè: irú ìwé wo lo lè tẹ̀, ṣé o mọ àwọ̀, ṣé o lè tẹ tojú tẹ̀yìn, íǹkì mélòó ló kù nínú ẹ, irú fáìlì wo lò ń gbà? Pírińtà á dáhùn fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lédè tí gbogbo wọn jọ fẹnu kò lé lórí. Kò sí CD, kò sí dráífà tó ń wọ inú spooler lọ jókòó. Apple ló sọ ọ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù mọ̀, nígbà tí wọ́n gbé AirPrint jáde ní 2010 torí iPhone ò lè máa gbé dráífà gbogbo pírińtà ayé kiri. Ní 2013, Canon, HP, Samsung àti Xerox dá ẹgbẹ́ Mopria sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo Android, ọdún yẹn náà ni IPP Everywhere, ìlànà IPP tí kò nílò dráífà, jáde. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ pírińtà tó ní Wi-Fi ti ń gbọ́ èdè yìí látinú páálí.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kì í ṣe ìwé tí mo kà ṣá. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà ń yí wòn-ìn wòn-ìn, ó ní òun ń wá dráífà, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ tẹ ìwé ìgbàṣẹ́ wọlé, ó béèrè password Wi-Fi lọ́wọ́ ànńtí mi, ó fọwọ́ kan fóònù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pírińtà aláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó sanwó, ó lọ. Àwa tá a ni pírińtà ṣì jókòó síbẹ̀ tá à ń wo kọ̀ǹpútà.

Ní September 2023 ni Microsoft kéde pé àwọn máa fi dráífà àwọn ilé-iṣẹ́ pírińtà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: láti January 2026, kò ní sí tuntun tó máa gba Windows Update wọlé mọ́, tó bá sì di July 2027, àtúnṣe ààbò nìkan ni wọ́n á máa gbà. Ẹni tó bá ní fáìlì dráífà tiẹ̀ lọ́wọ́ ṣì lè fi sí i fúnra ẹ̀, wọn ò ní wá gbà á lọ́wọ́ yín. Àmọ́ Windows 11 24H2 ní sẹ́tíǹgì kan, Windows protected print mode, tẹ́ ẹ bá tàn án, gbogbo dráífà tó wá láti ìta á kúrò pátápátá, IPP nìkan ló kù, agbára spooler náà á sì wálẹ̀. Wọn ò tàn án fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Kọ̀ǹpútà tuntun tí ànńtí mi rà, mo tàn án.

Ni igbe bá ta.

Ẹ jẹ́ n fi ohun tó lọ láìsí ẹni tó sunkún ẹ̀ ṣáájú. "DRAFT" gàdàgbà yẹn, wọn ò lò ó rí. Àwòrán orí ìwé mẹ́sàn-án, ẹnì kan béèrè fún un nígbà kan, kò padà wá gbà á. Fèrèsé tó máa ń fò jáde láti sọ pé íǹkì ti fẹ́ tán kẹ́ ẹ lọ ra ojúlówó, inú gbogbo wa dùn pé ó lọ, iye íǹkì sì ṣì ń hàn torí pírińtà ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀ nínú IPP, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lú táńkì ẹ̀gbẹ́ tiwa, irọ́ ló ń pa, ojú la fi ń wo táńkì. Fífọ orí pírińtà, a ti ń ṣe é lójú pírińtà fúnra ẹ̀ báyìí. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká láàárín, ìyẹn kọ́kọ́ dà bí wàhálà torí ètò ìsìn òkú àti ti ìgbéyàwó, òun ni oúnjẹ ọjọ́ Thursday àti Friday wọn, àmọ́ Adobe Reader ọ̀fẹ́ ní Booklet nínú tiẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbàgbé pé ibòmíì ló wà tẹ́lẹ̀.

Títẹ tojú tẹ̀yìn lórí lésà ò lọ bẹ́ẹ̀ (bí lésà ṣe wọ ọ̀nà tuntun, mò ń bọ̀ wá sọ ọ́). Lésà yẹn ò lè yí ìwé padà fúnra ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, dráífà àtijọ́ máa ń tẹ apá kan tán, á fi àwòrán hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa da ìwé padà síbẹ̀, á dúró dè wọ́n. Ìyẹn lọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n tẹ ojú ìwé 1, 3, 5 lọ, kí wọ́n yí gbogbo ẹ̀ padà, kí wọ́n tẹ 2, 4, 6. Kò le láti sọ. Ẹ wá fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní próójẹ́ẹ̀tì ẹnì kan tí submission ẹ̀ jẹ́ aago méjì ọ̀sán, ó yí ìwé sódì, ojú ìwé 2 dorí kodò lẹ́yìn ojú ìwé 1, gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ìwé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ìṣirò owó. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ti ọmọ náà fúnra ẹ̀, ó fi bírò ya ọfà pupa sórí sẹ́lótéèpù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tíréè, ó kọ "ORÍ SÍBÍ, FUNFUN SÓKÈ" sí abẹ́ ẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rọ tí ì bá ronú kàn án. Síbẹ̀ mi ò ní pe ìyẹn ní àtúnṣe, àdánù ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ lórí próójẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, a sì ń san án.

Ti àwọ̀ ló dùn wọ́n jù. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n tẹ́ ò bá tíì ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú nígbà tí Iléyá bá ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn regbẹ́regbẹ́ á ti mú aṣọ, wọ́n á fẹ́ káàdì ìdánimọ̀, wọ́n á fẹ́ ìwé ètò, wọ́n á fẹ́ kó bá aṣọ mu rẹ́gí, kì í ṣe kó fara jọ ọ́, kó bá a mu. Ìyá kan wá, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n mú, wọ́n yọ gèlè látinú báàgì, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tá a tẹ̀ lórí káńtà, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní: "Ọmọ mi, ṣé aṣọ wa nìyí?" Búlúù ló jáde. Búlúù tó ń ṣe bí àlùkò. Íǹkì inú ike yẹn, magenta ẹ̀ ò lágbára tó ti ojúlówó, gbogbo ẹni tó ń lò ó ló mọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti há ibi tó máa fà á dé nínú dráífà àtijọ́ sórí, magenta sókè, cyan sílẹ̀ díẹ̀, yẹ́lò kó dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọ̀nà tuntun ò ní ibi tí wọ́n ti ń fa nǹkan. Pírińtà ló ń pinnu àwọ̀ fúnra ẹ̀, ó sì gbà pé ojúlówó íǹkì ló wà nínú òun.

Àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì wọn lókè òkun tí wọ́n ní àwọn nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́ làwọn yọ, wọn ò purọ́ fún ara wọn, ohun tí wọ́n ń rí ni wọ́n sọ. Ibi tí wọ́n wà, ẹni tí àwọ̀ ṣe pàtàkì sí á ra ojúlówó íǹkì. Kò sí ìwé ìṣirò wọn kankan tó máa fi hàn wọ́n pé ẹnì kan wà ní Ìtóro tó ń fi sẹ́tíǹgì dráífà tún íǹkì tí kò dáa ṣe. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún bí mi nínú.

Ohun tá a ṣe sí i rèé. Mo ya àpótí kéékèèké sínú Corel, àlùkò oríṣiríṣi, pupa oríṣiríṣi, gríìnì, ewé, ọsàn, nọ́ńbà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ lórí irú ìwé tí wọ́n ń lò gan-an pẹ̀lú íǹkì tó wà nínú táńkì gan-an, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kọ́sítọ́mà á gbé aṣọ ẹ̀ sún mọ́ ògiri, á nàka, "èyí", ọmọ náà á wo nọ́ńbà, á fi àwọ̀ yẹn kun iṣẹ́ nínú Corel. Àwọn ìyá fẹ́ràn ẹ̀, àríyànjiyàn dín kù torí ọwọ́ wọn ni wọ́n fi yàn án. Tí wọ́n bá ra ike íǹkì míì, a tún un tẹ̀. Fún iṣẹ́ tó jẹ́ àwọ̀ lásán, ó dáa ju fífà sọ́tùn-ún sósì lọ. Àmọ́ fún fótò èèyàn, rárá o. Àwọ̀ ara èèyàn ò ṣeé nàka sí lórí ògiri, àwọn fótò pásípọ́ọ̀tù wa ṣì ń jáde bíi pé ibà ń ṣe ẹni tó wà nínú ẹ̀, ànńtí mi sì ti ń ra ojúlówó íǹkì fún ìyẹn nìkan, sínú pírińtà kékeré mìíràn. Owó ni. Mi ò lè sọ pé kì í ṣe owó.

Lésà arúgbó ńkọ́, tí kò gbọ́ IPP, tí Windows 11 náà ò fẹ́ rí? Láptọ́ọ̀pù kan wà nílé tí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ti ń já, mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows, sí i, mo so lésà mọ́ ọn. CUPS ló ń bójú tó títẹ̀wé lórí Linux, Michael Sweet ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1997, Apple gbà á sórí Mac, wọ́n ra kóòdù ẹ̀ ní 2007, ọkùnrin náà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2019, ọwọ́ ẹgbẹ́ OpenPrinting ló wà báyìí. Àwọn náà ń palẹ̀ mọ́ láti kó dráífà àtijọ́ kúrò pátápátá nínú CUPS 3, irú tó ń lo PPD, fáìlì tó ń sọ ohun tí pírińtà lè ṣe, tí Adobe gbé kalẹ̀ fún èdè pírińtà PostScript láti àwọn ọdún 1980. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ wù mí: wọn ò ní kẹ́ ẹ ju pírińtà àtijọ́ nù, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi dráífà ẹ̀ sínú ètò kan tó dá dúró, tó máa ṣe bíi pírińtà IPP lójú àwọn yòókù. Lórí CUPS tá a ní báyìí náà, lésà tẹ́ ẹ bá fi sí share, fóònù á rí i bíi pé ó ní Wi-Fi. Arúgbó tí kò mọ̀ ju kébù USB lọ! Àwọn ọmọ iléèwé ń tẹ̀wé sí i látorí fóònù wọn báyìí, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà láàárín. Tí NEPA bá mú iná lọ tó mú un bọ̀, láptọ́ọ̀pù á fi firmware ránṣẹ́ fúnra ẹ̀. Próójẹ́ẹ̀tì tó bá wá ní Word, PDF la ń sọ ọ́ dà kó tó dé ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ìwé á sún kúrò níbi tó wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo ti fi sẹ́lótéèpù dí ojú USB tó kù.

Kí ẹnì kan má wá sọ pé mò ń polówó ọ̀nà tuntun bíi pé kò ní ihò. Ní September 2024, Simone Margaritelli, oníṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí àwọn ihò kan síta nínú àwọn nǹkan tó yí CUPS ká. cups-browsed, ètò tó ń wá pírińtà káàkiri, ń tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà 631, àjèjì lè sọ fún un pé pírińtà lòun, á gbà á gbọ́, tí ẹnì kan bá wá tẹ̀wé sí pírińtà irọ́ yẹn, àṣẹ tí àjèjì kọ á ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ wò ó, èyí tí ẹ ní ó láàbò rèé. Àmọ́ ẹ tọ ipa ẹ̀ dé ìdí: ibi tí àṣẹ yẹn ti ráyè ṣiṣẹ́ ni foomatic-rip, irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nítorí dráífà àtijọ́, tó máa ń ka ìlà àṣẹ látinú PPD kó sì ṣe é bó ṣe bá a. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí àwọn pírińtà bíi tiwa. Mo pa cups-browsed lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, fóònù ò nílò ẹ̀ láti rí lésà.

Pírińtà nìkan kọ́ ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí o. Nígbà tí Mesa, tó ń gbé àwòrán lórí Linux, jáde ní 22.0 lọ́dún 2022, wọ́n ti yọ gbogbo dráífà tí wọ́n ń pè ní classic kúrò, ti káàdì àwòrán àtijọ́ R100 àti R200 ti Radeon lọ pẹ̀lú ẹ̀. Wọn ò jù wọ́n sígbó, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Amber, ẹni tó bá ní káàdì yẹn á lọ mú un níbẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ nìyẹn. Ibi tí mo ti ń bá àwọn onípírińtà jà ni pé àwọn nǹkan tí wọ́n yọ látinú dráífà, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá a padà sínú ápù tẹ́ ẹ máa gbà látinú Microsoft Store. Lọ́wọ́ dátà ta ni? Àti fún pírińtà ọdún mélòó sẹ́yìn? Èyí tiwa, ápù ẹ̀ ò sí níbẹ̀, mi ò sì retí ẹ̀.

Ẹni tó ní "ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀", mo gbọ́ o, bàbá mi náà ń sọ ọ́. Àmọ́ kò ṣiṣẹ́, a kàn ti mọ́ ọn lára ni. Kọ̀ǹpútà tí kò lè gba àtúnṣe ààbò, tí ìkànnì JAMB ò fẹ́ẹ́ ṣí lórí ẹ̀ mọ́ torí browser ẹ̀ ti gbó, tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ fún, tí wọ́n ń rọra rìn yíká ẹ̀ torí pé kí lésà lè ṣáà máa tẹ̀wé. Owó tí àdánù yẹn ń jẹ ò hàn torí kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ti ọ̀nà tuntun ló hàn torí ìyá kan tẹ́ gèlè sórí káńtà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ wo bọ́tìnnì tí ẹni tó ń tẹ̀wé ń fọwọ́ kàn nínú dráífà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá bi í léèrè á ní òun ò lo nǹkan kan. Kò ní rántí pé òun ń fa magenta. Ẹ ya fótò gbogbo ojú sẹ́tíǹgì yẹn. Ẹ wá ibòmíì fún ìkọ̀ọ̀kan tó bá ń lò gan-an kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ má sì ṣe é nígbà tí Iléyá bá ti sún mọ́lé.

Ànńtí mi ti lọ ra pírińtà kékeré ti fótò yẹn fúnra wọn ní Ìtá-Òṣù, mi ò bá wọn lọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á ń sọ fún wọn pé CD ẹ̀ wà nínú páálí, pé òun máa bá wọn fi dráífà ẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó gbé CD ẹ̀ sílẹ̀, kó mú fóònù ẹ̀ wá kó fi tẹ̀wé lójú àwọn kí àwọn tó sanwó.